Ta Ni Ń Lé Wọn? Àlàyé Lórí Àwo Orin Tí Ayé Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adó-Èkìtì. A ti parí ìdánrawò, òjò ló ká wa mọ́bẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ ìlù lọ́dọ̀ mi so fóònù rẹ̀ mọ́ sípíkà, ó tẹ orin kan. Orin náà ò tíì lo ìṣẹ́jú kan tí màmá tó ṣáájú àwọn alohùn òkè fi gbé ìwé orin rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ dákun, ta ni ń lé wọn?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo fi orin ọ̀hún ránṣẹ́ sí ọmọ náà.

Màmá ò mọ̀ pé ẹnu ayé lòun ń bá pé. Àwọn tó fi orin onígìtá ṣe oúnjẹ òòjọ́, tí wọ́n gbọ́ ọ ju gbogbo wa lọ, ti ń bi ìbéèrè yẹn láti ọdún 2006 tí àwo náà ti jáde. Inhuman Rampage lorúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ DragonForce ló ṣe é. Orin 8 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 56. Mélòó kan nínú ẹ̀yin tí mo ti fi gbọ́ ọ ló ti bi mí pé irú orin wo nìyí, ṣé kì í ṣe orin èṣù, àti pé kí ni mo rí níbẹ̀. N ó gbìyànjú láti dáhùn, ẹ ṣáà má retí pé kó tò bí ìwé àdúrà.

Orin tí wọ́n ń pè ní metal, ọmọ rọ́ọ̀kì ni. Gìtá oníná ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí ohùn gìtá náà ha, kó máa dún gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ohun tó fẹ́ fàya. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń sá nìyẹn, pé kí ló dé tí wọ́n ba ohùn tó mọ́ lára jẹ́. Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Awọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ a so ṣaworo mọ́ ọn létí kó lè máa hó ṣaa-ṣaa lórí ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ. Ariwo tí a fi kún un yẹn, adùn ló ń bá wá. Ṣaworo gìtá ni híha yẹn.

Ilé metal yìí ní yàrá púpọ̀. Yàrá kan wà tí akọrin ti ń ké bí ẹranko tí takúté mú, tí ọ̀rọ̀ ikú àti sàréè ò sì kúrò lẹ́nu wọn. Èyí tí ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá máa ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á fi ní kí ọmọ pa á nìyẹn. Àmọ́ yàrá mìíràn wà tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òun là ń pè ní power metal. Ẹgbẹ́ Helloween ní Jámánì wà lára àwọn tó la ọ̀nà rẹ̀, pẹ̀lú àwo Keeper of the Seven Keys, apá kìíní ní 1987, apá kejì ní 1988. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé Finland, Sweden àti Ítálì. Akọrin níbẹ̀ kì í ké, ó ń kọrin ni, lóhùn òkè tó mọ́ gaara. Ọ̀rọ̀ ọba, idà, ẹranko oníná, ìrìn àjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ àti ìṣẹ́gun ni wọ́n sábà máa ń kọ.

Ní ti èṣù, mo ti ka ọ̀rọ̀ orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú àwo yìí, n kò rí ibi tí wọ́n ti bọ ẹnikẹ́ni. Iná pọ̀ níbẹ̀, ìjì pọ̀, òkùnkùn pọ̀, àwọn èèyàn kan sì ń la gbogbo rẹ̀ kọjá láìbojú wẹ̀yìn.

Ìlú London ni wọ́n ti dá DragonForce sílẹ̀ ní 1999, ṣùgbọ́n àjọjẹ ni ẹgbẹ́ náà. Ọmọ Hong Kong ni Herman Li tó ń ta gìtá, New Zealand ni ẹnì kejì rẹ̀, Sam Totman, ti dàgbà. Nígbà tí wọ́n ṣe àwo yìí, ọmọ Ukraine ni Vadim Pruzhanov tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ará Scotland ni Dave Mackintosh tó ń lùlù. Ẹni tó wá ń kọrin níwájú gbogbo wọn, ZP Theart, ọmọ South Africa ni. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tó bá ní orin òyìnbó tí kò kan ilẹ̀ wa ni.

Ó yá, eré sísá yẹn. Aago ara ògiri ń dún lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 60 ní ìṣẹ́jú kan. Orin ìyìn tó gbóná jù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tí gèlè fi ń já bọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ráyè ṣà á, kì í ju 140 lọ. Through the Fire and Flames, orin tó ṣí àwo yìí, ń sáré ní 200. Ìlù ẹsẹ̀ tiwọn ní pẹ́dà méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti ń gbá mẹ́rin-mẹ́rin sínú ìdún kọ̀ọ̀kan, 800 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan, ó lé ní 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni mo ṣe kí ojúgun mi tó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Àwa ọmọ Èkìtì kọ́ ló yẹ kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣe ní kàyéfì. Ogun tí àwọn baba ńlá wa bá Ìbàdàn jà láti 1877, Kíríjì la sọ ọ́, nítorí bí ìbọn ṣe ń dún lójú ogun. Kì í ṣe orúkọ ìlú, kì í ṣe orúkọ balógun, ariwo ló sọ ogun náà lórúkọ. Tí Mackintosh bá ti fẹsẹ̀ méjèèjì wọlé, ohun tí etí mi ń gbọ́ nìyẹn: kí-rì-jì-kí, kí-rì-jì-kí.

Kí wá ni wọ́n ń fi àwo náà ṣe yẹ̀yẹ́ sí?

Wọ́n ní kì í ṣe ọwọ́ èèyàn, pé sítúdíò ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ mú un yára. Lóòótọ́, iṣẹ́ sítúdíò pọ̀ lára àwo yìí. Wọ́n gba nǹkan sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n to ohùn lé ohùn, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí Herman Li ń ta ibi tirẹ̀ nínú orin àkọ́kọ́, okùn gìtá rẹ̀ já nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ó ti fẹ́ràn bí ìyókù ṣe rí, ló bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó wà nínú àwo títí dòní. Ẹ̀rọ kì í já okùn.

Eré ìta gbangba ló kó bá wọn jù. Ní 2006 kan náà, wọ́n lọ ṣeré níbi àjọ̀dún Graspop ní Belgium, nǹkan ò sì lọ bó ṣe yẹ. Fídíò rẹ̀ tàn ká, ó di ohun tí àwọn ẹlẹ́yà ń fi ránṣẹ́ síra wọn. N kò ní sọ pé eré yẹn dára, torí kò dára. Ṣùgbọ́n mo ti wà níbi ìsìnkú kan tí sípíkà tó kọjú sí wa ti kú lójijì: orin kan ni mò ń lù, òmíràn ni kíbọ́ọ̀dù ń tẹ̀, àwọn olókùú sì ń ná owó lọ ní tiwọn. Ká ní ẹnìkan gba ìyẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, orúkọ tí wọn ì bá máa pè mí lónìí ò ní dára.

Géèmù wá dé. Ní 2007, wọ́n fi Through the Fire and Flames sínú Guitar Hero III, géèmù tí èèyàn ti ń fi gìtá oníke tó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ márùn-ún ṣeré. Ìparí pátápátá ni wọ́n fi í sí, lẹ́yìn tí ẹni tó ń ṣeré bá ti ṣẹ́gun gbogbo ìyókù. Orin tí gbogbo wọn gbà pé ó le jù nínú géèmù yẹn ni. Bí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ṣe kọ́kọ́ pàdé ẹgbẹ́ náà nìyẹn: kò pàdé wọn bí orin, ó pàdé wọn bí òkè tí kò ṣeé gùn. Àwọn àgbà inú metal sì wí pé ẹ ò rí i, a ti sọ pé orin ọmọdé ni, orin géèmù ni. Wọn kò parọ́ tán. Herman Li fúnra rẹ̀ máa ń fi irin kékeré tó wà lára gìtá mú kí okùn ké bí àwọn géèmù àtijọ́, pì-ù pì-ù. Òun ò fi pamọ́ rí. Inú rẹ̀ ń dùn ni, èyí gan-an ló sì ń bí àwọn kan nínú. Nínú ilé metal, tí o bá rẹ́rìn-ín lórí ìtàgé, wọ́n á ní o ò mọ ohun tí ò ń ṣe.

Ẹ̀sùn tó kù ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ: iná, ìjì, ọ̀nà jíjìn, a ó dé. Pé àsọdùn ti pọ̀ jù.

Èyí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ẹ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ ọdún Olósùnta, tàbí ibikíbi tí ọba ti jáde ní ilẹ̀ yìí, kí ẹ gbọ́ ohun tí onílù ń wí. Ó ń pe ọba ní ẹkùn. Ó ń pè é ní òkè tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí nídìí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ, ó tún fi ọ̀pá tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kẹta. Ta ló dìde láàárín agbo pé irọ́ ni, pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni Kábíyèsí? Kò sí. Gbogbo wa mọ̀ pé èèyàn ni. A tún mọ̀ pé tí wọ́n bá kì í dáadáa, á na ọrùn, ìrìn rẹ̀ á yí padà. Iṣẹ́ oríkì nìyẹn. Àwa náà ń gba irú rẹ̀ ní àárọ̀ tí ìyá bá kì wá lórí ẹní, nígbà tí a ò tíì bọ́jú. Ọ̀rọ̀ inú orin ìyìn wa pàápàá ńkọ́? Ọba, ògo, ìmọ́lẹ̀, ìṣẹ́gun. Ẹ kà á kọjá ogún bí ẹ bá lè.

Ẹni tó ń gbọ́ Inhuman Rampage bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn á rẹ́rìn-ín, kò sì ní jẹ̀bi. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń kì, ọrùn rẹ̀ á nà. Nítorí "àwa" ni wọ́n ń kọ nínú ègbè wọn lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀pọ̀ ohùn ló sì ń gbè é pọ̀. Wọn ò kì akọrin, ìwọ tó ń gbọ́ ni wọ́n ń kì.

Ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ilé-ìwé kan tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin jẹ mí lówó oṣù mẹ́ta, wọ́n wá ní kí n má wá mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Ajílosùn lọ sí Baṣírí nígbà yẹn láti lọ bá ẹnìkan ṣiṣẹ́ òòjọ́, ẹ sì mọ̀ pé Adó kì í ṣe ìlú tó tẹ́ bí ọpọ́n. Ọ̀rẹ́ kan ló fi àwo náà sórí fóònù mi. Ìgbọ́rọ̀ tí mò ń kì bọ etí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, mo sì ti fi ọ̀rá wé wáyà rẹ̀ kó má bàa já. Through the Fire and Flames yẹn gùn ju ìṣẹ́jú méje lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi í wọn ọ̀nà: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tó jẹ́ orin kan, òmíràn jẹ́ orin kan àbọ̀. Tí ègbè bá ti fẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ mi ti ń yára kí n tó mọ̀. Owó ò tíì wọlé o, ebi ò sì lọ. Ṣùgbọ́n n kì í dé Baṣírí pẹ̀lú ojú tí mo fi kúrò nílé.

Nígbà tí mo wá ra ìgbọ́rọ̀ tuntun ni mo mọ̀ pé ìdajì orin ni mo ti ń gbọ́. Gìtá kejì wà ní etí tó kú! Méjèèjì ń sọ gbólóhùn kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí trẹ́bù àti áltò ṣe ń rìn pọ̀. Mo jókòó sí ojú àtẹ̀gùn ilé, mo tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn tí a rẹ́rìn-ín tán, Ẹ̀gbọ́n tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí ọmọ yẹn má pa á. Ó fi ìka kan wá ibi tí orin náà jókòó sí.

"Láà ni ilé rẹ̀," ó ní.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ tóníìkì sólífà, ìyẹn dóò, réè, míì, lẹ́gbẹ́ akọrin mọ ohun tó ń wí: ilé ni ohùn tí orin máa ń padà sí. Orin tó bá fi dóò ṣe ilé máa ń tú ká bí ẹ̀rín. Èyí tó bá fi láà ṣe ilé máa ń ní ìkorò díẹ̀, ohùn ẹni tó ń rántí nǹkan. Orin tí a ní ó ń gbéni sókè yìí, ilé ìbànújẹ́ ló ń gbé.

"Àmọ́ irú àwọn orin yìí, ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń wọlé," ni Ẹ̀gbọ́n tún wí. Ó tẹ fàá, gbogbo ọwọ́. Ó gùn ún lọ sí sóò. Ó wá balẹ̀ sórí láà. Ó tún un ṣe: fàá, sóò, láà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń lọ bí ẹni ń gun àkàbà. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn ẹgbẹ́ power metal fẹ́ràn jù nìyí. Láà kan náà ni, ibi ìkorò yẹn náà ni, ṣùgbọ́n wọn ò já bọ́ síbẹ̀, wọ́n gùn ún débẹ̀ ni. Ilé ìbànújẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, ẹsẹ̀ ayọ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Mo ti ń gbọ́ àwo náà fún ọdún púpọ̀ kí ẹnìkan tó fi ọwọ́ hàn mí lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé orin aláìnírònú ni. Àlámọ̀, orin ìbílẹ̀ tiwa níhìn-ín, mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ àwọn ìyá àgbà níbi òkú àgbà, ẹkún àti ìwúrí á wà nínú èémí kan ṣoṣo, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa fi omijé dáhùn.

Àwo náà ní àléébù tirẹ̀. Ibi tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀ gùn jù, nígbà mìíràn á dà bí àwọn méjì tó ń jà sí gbohùngbohùn ẹyọ kan. Orin méje nínú mẹ́jọ ló ń sáré. Mo fẹ́ sọ pé kí èèyàn gbọ́ gbogbo rẹ̀ léraléra dà bí kó jẹ iyán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ṣùgbọ́n mo rántí pé Èkìtì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà má gbọ́ ọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ má lo sípíkà ẹnu fóònù, torí kì í gbé ìlù ẹsẹ̀ jáde, ariwo òkè nìkan lẹ máa gbọ́. Fún àgbàlagbà, láti ẹ̀yìn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Trail of Broken Hearts, orin tó kẹ́yìn, ni èyí tó rọra ń rìn, ibẹ̀ ni ohùn Theart ti hàn jù. Lẹ́yìn náà kó wá padà sí èyí àkọ́kọ́, kó sì fi sùúrù dúró de ègbè. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé ohùn akọrin nìkan, ẹ fi ìlù sílẹ̀. Ohùn náà kò sáré rárá. Ìlù ló ń sáré lábẹ́ rẹ̀, bí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ṣe ń yí tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ sì jókòó jẹ́ẹ́. Èmi ò mọ èyí fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé gbogbo wọn ló ń sá.

ZP Theart kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní 2010, Marc Hudson ló gba ipò rẹ̀. Mackintosh àti Pruzhanov náà ti lọ. Li àti Totman ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejì ìdánrawò yẹn, a ń kọrin ọpẹ́ lọ bí a ṣe máa ń kọ ọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ ká pa á, mo gbọ́ tí ọwọ́ òsì Ẹ̀gbọ́n gbéra: fàá, sóò, láà. Ó tún un ṣe. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ lé e láìgbàṣẹ, mo fi ohun tí agbára mi gbé gbá pẹ́dà. Màmá tó ṣáájú alohùn òkè ló kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo, ó tú ìborùn, ó ń jó, gbogbo ìjọ sì ṣí tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a jókòó tán, ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi ìborùn fẹ́ra. "Ibo lo ti rí èyí tí o tẹ̀ níkẹyìn yẹn?"

Ọmọkùnrin tó ń kọ́ ìlù ti la ẹnu. Mo fi ọ̀pá ìlù kàn án lẹ́sẹ̀.

"Ìlú Ọba ni, Mà," ni Ẹ̀gbọ́n wí.